T32 fún dókítà oníṣẹ́ abẹ: ọdún méjì nínú láàbù ààbò ara, kí lẹ ó rí gbà, kí lẹ ó san?

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún ni dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ gbogbogbòò. Àmọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ńlá, wọ́n sábà máa ń la ọdún náà sí méjì: lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkẹta, rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ náà, á fi tíátà sílẹ̀, á wọ láàbù fún ọdún méjì, kó tó padà wá parí èyí tó kù. Ọ̀kan nínú àwọn owó tó lókìkí jù tó ń gbé irú ìrìn yìí ni T32, owó tí NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ìlera, ń fún yunifásítì kí wọ́n fi kọ́ àwọn olùwádìí. Òfin tó bí i ti wà láti 1974, láti 2002 sì ni wọ́n ti ń fi orúkọ Ruth L. Kirschstein pè é. NIGMS, ẹ̀ka kan nínú NIH, ló ń san èyí tó dá lórí àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí iná jó, àti àwọn tí sepsis mú, ìyẹn ìgbà tí ara tó ń bá kòkòrò àìsàn jà bá wá ń ba ẹ̀yà ara tirẹ̀ jẹ́. Inú ìyẹn ni ẹ̀kọ́ nípa wíwú ara àti ètò ààbò ara wà.

A ó yẹ T32 wò bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Ìdájọ́ wa rèé kí ẹ tó rẹ̀: ọdún méjì ní láàbù tí eku ti wà nílẹ̀, tí ìwé àṣẹ ti jáde, tí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ lè bi léèrè, ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, méjì. Ọdún kan ṣoṣo fún iṣẹ́ eku, ẹ má ṣe é rárá.

Owó ni ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ni wọn kì í sọ dáadáa lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní ọdún ìnáwó 2024, iye tí NIH kọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìrírí kankan lẹ́yìn oyè dókítà ni $61,008 lọ́dún. Ọdún tí ẹ ti lò ní rẹ́sídẹ́ńsì wà lára ìrírí, nítorí náà tiyín á ga jù ú lọ díẹ̀. Síbẹ̀ ó lè kéré sí ohun tí ilé ìwòsàn ń san fún rẹ́sídẹ́ǹtì ẹgbẹ́ yín. Òfin gbà kí ilé ìwòsàn fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà, bí kò bá ti jẹ́ owó ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan ń dí i, àwọn kan kì í dí i. Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Nǹkan kejì: owó yìí kì í ṣe owó iṣẹ́ lójú òfin, owó ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í yọ owó orí lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ owó orí wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ń ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, oṣù kẹrin ọdún, ìgbà ìṣirò owó orí ní Amẹ́ríkà, á bá a lójijì. Fún ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè, bíi mástà, T32 lè san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé-ìwé, kò ní kọjá $16,000 lọ́dún. Fún kíláàsì tí kò ní oyè, kò ní kọjá $4,500.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbèsè iṣẹ́. Oṣù 12 àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi gba owó yìí di gbèsè lọ́rùn yín, oṣù kan fún oṣù kan. Láti oṣù kẹtàlá, oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún lò nínú ẹ̀kọ́ náà ń san oṣù kan padà. Ẹni tó bá ṣe oṣù 24 ti san gbogbo rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ń san án. Ẹni tó bá fi i sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan jẹ ìjọba ní ọdún kan iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìkọ́ni, ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, ìtọ́jú aláìsàn kò sì wọ inú ìṣirò náà. Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn tí a fi ní kí ẹ má gba ọdún kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà tàbí Benin lọ, ẹ farabalẹ̀ ka èyí: ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìnkáàdì nìkan ni T32 wà fún. Ẹni tó wà lórí físà J-1 tàbí H-1B kò lè gbà á, bó ti wù kí ọ̀gá láàbù fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kì í ṣe pé ọ̀nà dí pátápátá o. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ kan lè fi owó tirẹ̀ gbé yín, American Heart Association sì ń gba àwọn tó wà lórí físà fún owó ìwádìí tirẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá ti kan ọkàn tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n J-1 ti dókítà ní òpin ọdún méje, ọdún méjì láàbù sì lè jẹ nínú rẹ̀ tàbí kó yí irú físà yín padà. Ọ́fíìsì físà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá láàbù.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì dára ju bí àwọn èèyàn ṣe ń rò lọ. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti bi: kí ló dé tí ẹni tí mọ́tò gbá, tí kòkòrò kankan kò tíì wọ inú rẹ̀, fi ń gbóná, tí ìfúnpá rẹ̀ ń já, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń kún, bíi ti ẹni tí ìfun rẹ̀ bẹ́? Ní 1994, Polly Matzinger, onímọ̀ nípa ààbò ara, dábàá pé kì í ṣe àlejò nìkan ni ètò ààbò ara ń wá, ewu ló ń wá. Ní 1999, láàbù Kevin Tracey fi hàn pé HMGB1, ohun kan tó máa ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́jẹ́, máa ń di agbéjàdìde nígbà tó bá bọ́ síta. Ní 2010, Carl Hauser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, tó tú jáde látinú ẹran ara tó fọ́ ń ru neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kan, sókè, torí pé mitochondria jọ bakitéríà: baba ńlá kan náà ló bí wọn. Iṣẹ́ ńlá tí Ronald Tompkins ṣe olórí rẹ̀ láti 2001 ka jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn tó fara pa púpọ̀. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún jíìnì náà tó yí ìṣe padà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn ará Yunifásítì Florida fún àìsàn ẹni tí kò kú ní ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ṣùgbọ́n tí kò yá ní orúkọ, PICS: ara ń wú lọ, ààbò ara ń rọ, ẹran ara ń joro, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ICU máa ń lóye ìjókòó yìí ju àwọn tó ní PhD lọ. Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Àmọ́ kíláàsì kọ́ ló ń pinnu ọdún méjì náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo láàbù sepsis kọ́ yín dáadáa ni CLP, ìyẹn síso apá ìfun eku kan àti gígún un kí sepsis lè mú un, tí Wichterman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1980. Eku C57BL/6, irú eku láàbù kan, tó ti pé ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, tó wọn gíráàmù 20 sí 25, ni wọ́n sábà máa ń lò. Isoflurane ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mú un sùn, ìdá 1.5 sí 2 ló ń mú un dúró nínú oorun, abẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ móoru ní ìwọ̀n 37. Ẹ fá irun ikùn, ẹ pa kòkòrò ojú awọ, ẹ la àárín gbùngbùn ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ fa cecum jáde, àpò tó wà níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Ẹ fi òwú sílíìkì 4-0 so ó, nísàlẹ̀ ibi tí ìfun kékeré ti wọlé, kí oúnjẹ ṣì lè rí ọ̀nà gbà kọjá. Abẹ́rẹ́ 21 gauge ni kí ẹ fi gún apá tí ẹ so náà já sí òdìkejì, kí ẹ tẹ ìgbẹ́ díẹ̀ jáde, kó kàn yọjú lẹ́nu ihò. Ẹ dá a padà sínú ikùn, ẹ rán iṣan lọ́tọ̀, ẹ fi ìdè onírin pa awọ dé. Mílílítà kan omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á wọ abẹ́ awọ, pẹ̀lú buprenorphine, oògùn ìrora, mílígíráàmù 0.05 sí 0.1 fún kílò kan, tí ẹ ó tún máa fún un ní wákàtí 8 sí 12 síra.

Fún ẹni tó ti ń rán ìfun èèyàn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kó yí ọwọ́ padà bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí CLP ń fẹ́ ni kí eku ogójì rí bákan náà. Gígùn apá cecum tí ẹ so ló ń pinnu ikú ju ohunkóhun mìíràn lọ. Bó bá gùn, ọ̀pọ̀ eku á kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá kúrú, ara á fi ọ̀rá àti ìfun dì í yíká, á di ìkójọ ọyún, eku á yá. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti orí cecum dé ibi òwú, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún eku kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi ìka ti ìgbẹ́ lọ sí orí rẹ̀, torí apá tó ṣófo kì í bá apá tó kún dọ́gba. Ẹ má gún iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí òwú bá gba orí ìfun kékeré kọjá, ìfun dídí ló pa eku náà, kì í ṣe sepsis, bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ikú kan náà ni wọ́n jẹ́. Nítorí náà, eku tó bá kú, ẹ là á wò. Láàbù tí kì í la òkú eku wò, a ò gba iye ikú rẹ̀ gbọ́.

Ìwọ̀n abẹ́rẹ́, iye ihò, oògùn apakòkòrò, àti omi tí ẹ fún un, gbogbo wọn ń yí èsì padà. Akọ máa ń tètè kú ju abo lọ. Ẹ máa ṣe é ní wákàtí kan náà láàárọ̀, kí ẹnì kan náà sì máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò dé òpin. Bí eku bá ti ilé ìtajà dé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó fara balẹ̀. Ibi tí ẹ ti rà á náà ní ipa: wọ́n ti fi hàn ní 2009 pé bakitéríà kan tó wà nínú ìfun eku tí ilé ìtajà Taconic ń tà kò sí nínú ti ilé ìtajà Jackson, ó sì yí irú sẹ́ẹ̀lì T tó wà nínú ìfun padà. Ẹni tó ra eku tó ní àyípadà jíìnì níbì kan, tó wá ra eku ìfiwéra níbòmíràn, kò mọ ohun tó ń fi wéra.

Ẹ bèèrè bóyá láàbù náà ń tẹ̀lé MQTiPSS, ìlànà 2018 fún ìwádìí sepsis lára ẹranko. Ìlànà yẹn ní kí eku gba omi, oògùn apakòkòrò àti oògùn ìrora, kí wọ́n fi àìmọ̀ pín wọn sí ẹgbẹ́, kí ẹni tó ń kà wọ́n má sì mọ ẹgbẹ́ tí eku kọ̀ọ̀kan wà. Ó ní kí wọ́n má dúró de ikú nígbà tí àmì bá ti fi hàn pé eku náà kò ní yá. Bí wọ́n bá ní oògùn ìrora máa ń ba èsì jẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn aláìsàn wọn ní ICU kì í gba oògùn ìrora.

Láàbù mìíràn á ní LPS, ohun kan tó wà lára ògiri bakitéríà, ni àwọn fi ń ṣe sepsis. LPS rọrùn, abẹ́rẹ́ kan ni, kì í sì í ṣe sepsis. TNF, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde tó ń mú ara wú, á ga láàárín wákàtí méjì, á sì lọlẹ̀. Ní 1985, antibọ́dì tó ń dí TNF gba eku lọ́wọ́ LPS; nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn sepsis ní àwọn ọdún 1990, kò gbà wọ́n. Drotrecogin alfa, oògùn sepsis tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001 kúrò lọ́jà ní 2011. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí láàbù ṣe ń ronú, ẹ dá ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ 2013 sílẹ̀, èyí tó ní jíìnì eku kò jọ ti èèyàn bí ara bá wú, àti ti Takao àti Miyakawa tó gba dátà kan náà yẹ̀ wò tó ní ó jọ ọ́ gan-an. Ọ̀gá tó lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀, ìyẹn jíìnì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yàn láti kà, ẹ máa bá a lọ.

Ẹ̀rọ tó ń gba àkókò jù ni flow cytometry. Antibọ́dì aláwọ̀ á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, lésà á tàn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á ka àwọ̀. Kò le. Ohun tó le ni kí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Àwọ̀ kan máa ń ṣàn wọ inú òmíràn, nítorí náà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ife tirẹ̀ tí òun nìkan wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ṣàtúnṣe. FMO, ife tí gbogbo àwọ̀ wà nínú rẹ̀ àyàfi ọ̀kan, ló ń sọ ibi tí ẹ ó fa ìlà sí. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú máa ń mu gbogbo antibọ́dì, ẹ fi àwọ̀ àyẹ̀wò òkú yọ wọ́n kúrò. Ẹ kọ́kọ́ dí ẹnu Fc, ibi tí antibọ́dì lè lẹ̀ mọ́ láìtọ́, pẹ̀lú antibọ́dì tó ń di CD16 àti CD32, tó bá jẹ́ ti eku. Ẹ fi asẹ́ 40 tàbí 70 máíkírónì sẹ́ ẹ kó tó wọ ẹ̀rọ, torí ìdì kan ṣoṣo tó bá dí ojú ẹ̀rọ, gbogbo àwọn tó tò lẹ́yìn yín á bínú sí yín ní ọ̀sán ọjọ́ náà. A ti rí àwòrán lórí pátákó ìpàdé tí ìlà rẹ̀ wà níbi tó wu olùwádìí. Ìyẹn pọ̀.

Neutrophil ni sẹ́ẹ̀lì tí rẹ́sídẹ́ǹtì máa ń fẹ́ràn jù, torí òun ló ń kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́, òun ló sì máa ń tètè bàjẹ́ jù. Kì í ṣeé fi pamọ́ sínú fíríìsà. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ẹ gbà ní aago méjì òru kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀. Láàárín wákàtí kan sí méjì ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. LPS kékeré tó wà nínú omi tàbí nínú serum tí kò mọ́ tó láti jí i, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ló jí i tàbí omi yín. Láàbù tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti fi LAL, àyẹ̀wò tó ń wá LPS, yẹ àwọn omi rẹ̀ wò.

Fún PBMC, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí neutrophil kò sí lára wọn, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi omi iyọ̀ pò ní ìdá kan sí ìdá kan ni ẹ ó rọra dà lé Ficoll 1.077, omi kan tó wúwo ju sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ, kí méjèèjì má ṣe pò, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yí i ní 400 g fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ yọ bíréèkì ẹ̀rọ kúrò. Bí bíréèkì bá fa ẹ̀rọ dúró lójijì, ìlà funfun tí ẹ ń wá á dà rú. Bí Ficoll bá tútù látinú fíríìjì, sẹ́ẹ̀lì pupa á kún inú èyí tí ẹ fà. Ní ìwọ̀n yàrá ni kí ohun gbogbo wà. Nǹkan kékeré báyìí ni postdoc, olùwádìí tó ti gba PhD, tó dára fi ń gba oṣù kan padà fún yín.

ELISA, àyẹ̀wò tó ń wọn iye prótéènì nínú ẹ̀jẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. IL-6, prótéènì kan tó máa ń ga bí ara bá wú, ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn CLP ń fi eku tó máa kú hàn dáadáa, nítorí náà ẹ fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pamọ́ ní wákàtí yẹn. Ẹ pò ó kún ọ̀nà mélòó kan, torí bí IL-6 bá pọ̀ jù, ó lè ga kọjá ibi tí ìlà òṣùwọ̀n yín parí. Ihò etí àwo máa ń gbẹ ju ti àárín, ẹ má kó gbogbo ẹgbẹ́ kan síbẹ̀.

Ìṣirò ni ibi tí owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ihò mẹ́ta látinú eku kan kì í ṣe eku mẹ́ta. Bí ẹ bá retí pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún á yè nínú ẹgbẹ́ kan, tí ìdá 30 á yè nínú èkejì, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, síbẹ̀ ẹ nílò bíi eku 24 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lè fi í hàn. Eku mẹ́wàá mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ń lò kò tó.

Ẹ wá gbé nọ́ńbà yẹn lé orí ìbísí eku. Oyún eku jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 21, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń tó gùn. Ìran kan jẹ́ bí oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ yọ jíìnì kan kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ ó kọ́kọ́ da eku tó ní ẹ̀dà jíìnì tí Cre, ẹ́ńsáìmù tó ń gé jíìnì, lè gé pọ̀ mọ́ eku tó ní Cre. Ní ìran kejì, ọmọ kan nínú mẹ́rin ló máa ní ohun tí ẹ fẹ́. Nínú ọmọ mẹ́jọ, méjì. Nínú méjì, akọ kan. Akọ 24 túmọ̀ sí ìbímọ 24, àyàfi tí ẹ bá ti ní òbí tó tọ́ tí ìdajì ọmọ á fi jẹ́ èyí tí ẹ ń wá. Ẹ kà á fún ara yín: ó tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kí ìdánwò gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá láàbù tó bá ní "eku náà ń bọ̀" ń sọ ọmọ tí kò tíì sí nínú oyún lórúkọ. Ohun tí ẹ ó bèèrè ni: eku mélòó ló wà nílé lónìí, nọ́ńbà ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ IACUC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ lílo ẹranko, ńkọ́, ìgbà wo ni yóò parí, ṣé orúkọ mi lè wọ inú rẹ̀ kí n tó dé? Ìwé àṣẹ tuntun lè gba oṣù kan sí mẹ́ta. Orúkọ tí ẹ fi kún ìwé tó ti wà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ìgbìmọ̀ IRB, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ èèyàn nínú ìwádìí, gbọ́dọ̀ ti gbà, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹbí ní òru, torí ẹni tó fara gbọgbẹ́ kì í sábà lè fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá láàbù tó lórúkọ kì í wà ní láàbù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ẹni tí ẹ ń wá ni postdoc tàbí tẹkiníṣíànì tó ti wà níbẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, tí kò sì ní kúrò kí ẹ tó parí. Ẹ bá rẹ́sídẹ́ǹtì tó ṣáájú yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kì í ṣe níwájú ọ̀gá, kí ẹ bi í pé: ta ló kọ́ ọ ní ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ? Bó bá ronú pẹ́ kó tó dáhùn, ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ìwà ìwádìí kò tún fẹ́ àlàyé: ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ ní ojúkojú, torí NIH kì í gba èyí tí ẹ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ ṣe é kó parí.

Òfin ní kí ẹ fi gbogbo àkókò iṣẹ́ sí i, ní ìwọ̀n wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ òru ní ICU fún owó wà níta wákàtí yẹn. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é, owó rẹ̀ dára, ọwọ́ ìtọ́jú kì í sì í kú. Àmọ́ CLP tó ń fẹ́ àyẹ̀wò ní wákàtí 6, 12, 24 àti 48 kò mọ̀ pé ẹ kò sùn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ CLP àti ọ̀sẹ̀ òru sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. ABSITE, ìdánwò ọdọọdún àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì iṣẹ́ abẹ, ṣì ń dúró de yín ní oṣù kìíní lọ́dọọdún, àwọn tó máa ń fi ọdún láàbù kàwé sì sábà máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìkó ìmọ̀ jọ wà ní Academic Surgical Congress ní oṣù kejì àti ní ìpàdé Shock Society. Ẹ bèèrè bóyá T32 náà á san owó ìrìnàjò, kì í ṣe owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan.

Fún àwọn tó wà ní Ìlú Ọba, ohun tó sún mọ́ èyí ni kí ẹ kúrò nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú owó MRC tàbí Wellcome, kí ẹ sì gba PhD. Ó gùn jù, oyè wà níbẹ̀, ìbísí eku sì ní àyè tó tó. Ní Nàìjíríà, ìwé àpilẹ̀kọ tí National Postgraduate Medical College ń bèèrè lè gba irú ìwádìí yìí. Cecum eku kò wọ́n, òwú àti abẹ́rẹ́ wà ní tíátà. Ohun tó wọ́n ni antibọ́dì tó gbọ́dọ̀ tutù láti òkèèrè dé Ìbàdàn, àti fíríìsà -80 tí iná kò gbọ́dọ̀ já lé lórí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kó gbé ìdánwò rẹ̀ lé ohun tí kò nílò -80: kíka sẹ́ẹ̀lì funfun lórí gíláàsì, gbígbin ẹ̀jẹ̀ láti ka bakitéríà, wíwo ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àti iye eku tó yè. Ìwọ̀nyí nìkan tó láti dáhùn ìbéèrè gidi, bí ìwọ̀n cecum bá dọ́gba.

Oṣù méjì tó kẹ́yìn kì í ṣe fún ìdánwò tuntun. Ìwé iṣẹ́ yín á dúró ní láàbù, ẹ̀dà dátà tí kò ní orúkọ aláìsàn á bá yín lọ pẹ̀lú àdéhùn ní kíkọ nípa ẹni tí orúkọ rẹ̀ á ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan nínú fíríìsà á ní àtòjọ: nọ́ńbà eku, ọjọ́, wákàtí lẹ́yìn CLP, irú ẹ̀yà ara, ìgbà mélòó ló ti yọ́ tí ó sì tún dì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ tàbí kí ẹ lẹ ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, torí yíǹkì máa ń pa rẹ́ bí ọtí bá kàn án. Ìbéèrè àwọn olùyẹ̀wò ìwé ìròyìn ìmọ̀ á dé nígbà tí ẹ bá ti padà sí tíátà, àpótí yẹn ni ẹlòmíràn á sì ṣí láti dá wọn lóhùn.